Bọ́nẹ́ẹ̀tì Tó Ti Gbóná

Ọkùnrin kan wà tí kò sí ẹni tó mọ mọ́tò tó o ní gbogbo agbègbè rẹ̀. Jókòó dáadáa, àbúrò mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Mojírayọ̀ ọmọ rẹ lo bá wá, a ó sì débẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọkùnrin yìí fún ọ, kí o má sì já lu ọ̀rọ̀ mi bí ìṣe rẹ.

Iṣẹ́ dírẹ́bà ni ọkùnrin náà ṣe láti kékeré. Ó wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ó wa mọ́tò àwọn olówó. Nígbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ fọ́ orúnkún òsì rẹ̀, tí kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́, ó fi iṣẹ́ dírẹ́bà sílẹ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ó ń ta táyà. Síbẹ̀ àwọn èèyàn kò jẹ́ kó sinmi. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra mọ́tò àlòkù nílùú náà, òun ni wọ́n máa ń mú dání lọ.

Àyẹ̀wò tirẹ̀ kì í ṣe ti ojú lásán. Kì í jẹ́ kí ẹni tó ń ta mọ́tò mọ ìgbà tí òun ń bọ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ló máa ń lọ, nígbà tí mọ́tò ṣì tutù láti àná. Kó tó kí ẹnikẹ́ni rárá, á ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá gbóná, á ní, "Ẹ ti tan án kí n tó dé. Kí lẹ ò fẹ́ kí n gbọ́?" Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, á yí padà, á máa lọ sílé. Nítorí mọ́tò tó bá ti gbóná, gbogbo rẹ̀ ló ń dáa létí. Èyí tó tutù ló ń sọ òtítọ́ ara rẹ̀, bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún kọ́-kọ́-kọ́, bóyá èéfín ń yọ, bóyá jíà ń lọ́ra kó tó mú. Ó máa ń fa géèjì ọ́ìlì jíà yọ, á gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ti ń rùn bí nǹkan tó jóná, kò sí ohun tí ẹ tún lè sọ fún un. Á wo etí ìlẹ̀kùn, bóyá wọ́n ti kun ọ̀dà bo ojú ìjàǹbá. Á fọwọ́ pa táyà, bóyá ẹ̀gbẹ́ kan jẹ ju èkejì lọ. Lẹ́yìn náà ni á ní kí wọ́n pa rédíò, kí wọ́n wa mọ́tò náà gun òkè.

Ojú rẹ̀ le lórí iṣẹ́ yìí. Àwọn tó ń ta mọ́tò kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Wọ́n á ní, "Ọ̀gbẹ́ni, mọ́tò la ní kẹ́ ẹ wá rà, a ò ní kẹ́ ẹ wá ṣe dókítà rẹ̀!" Á máa bá àyẹ̀wò rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló yọ nínú wàhálà, tí wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní.

Ọkùnrin yìí ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí ọmọ náà mọ́. Ìwọ náà mọ bí àìsàn yẹn ṣe rí. Bí ara rẹ̀ bá yá, á máa ṣeré, á máa fò sókè sódò, o ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti fẹ́ sí i báyìí, egungun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, á máa ké, kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Nọ́ọ̀sì tó wà nílùú wọn ti kìlọ̀ fún bàbá rẹ̀ pé bí ìrora náà bá ti gun àyà, kí wọ́n má ṣe dúró wo nǹkan kan, kí wọ́n máa gbé e sáré lọ sí ọsibítù ńlá. Ọsibítù ńlá ọ̀hún sì jìnnà, òkè pọ̀ lójú ọ̀nà ibẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọkùnrin náà fi ń wá mọ́tò. Ó fẹ́ ọtọmátíìkì, èyí tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, nítorí orúnkún rẹ̀. Ó fẹ́ kó kéré, kó lè rí ibi yà sí níbi tí ọ̀nà ti bàjẹ́. Ó sì fẹ́ kó lè sáré. Kì í ṣe fáàrí ló fẹ́ fi í ṣe. Ọmọ ló fẹ́ fi gbé.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé bàbá arúgbó kan ní irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ nílé. Ọmọ bàbá náà tó ń gbé lókè òkun ló fi ránṣẹ́ wálé fún ara rẹ̀. Mọ́tò pupa kékeré ni, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ju ohun tí ojú rí lọ. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn irú ẹ̀ gan-an, eré ni wọ́n ń fi í sá. Gbogbo ìgbà tí ọmọ náà fi wà nílé, ó wà á ní ìwàkuwà. Nígbà tó fẹ́ padà, ó ní kí bàbá òun bá òun tà á.

Bàbá yìí kì í ṣe èèyàn lásán sí ọkùnrin tí mò ń sọ. Òun ló mú un wọ iṣẹ́ dírẹ́bà. Òun ló dúró tì í ní ọsibítù nígbà tí orúnkún rẹ̀ fọ́, tí àwọn ẹbí rẹ̀ gan-an kò yọjú. Òun ló sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Nígbà tí bàbá náà wá gbọ́ pé ó ń wá mọ́tò, ó ránṣẹ́ sí i pé, "Má wulẹ̀ kó owó rẹ fún àjèjì. Wá mú èyí tó wà lọ́dọ̀ mi."

Inú ọkùnrin náà dùn kọjá bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ṣe. Ó gbé fóònù, ó ní, "Bàbá, ẹ máa retí mi lọ́la, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán." Ọkùnrin tí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni! Má mi orí, àbúrò mi. Ìwọ náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ já wọ ilé bàbá rẹ̀ láàárọ̀ kùtù láìránṣẹ́ ṣíwájú? Wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé.

Nígbà tó dé, mọ́tò náà wà lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síbi tí bàbá jókòó sí. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé iṣẹ́. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná. Kì í ṣe ti oòrùn, nítorí abẹ́ igi ló wà. Wọ́n ti tan án tipẹ́.

Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó gbójú sókè, ó rí i pé bàbá ń wo òun láti orí àga, ọwọ́ òun gan-an ni ojú bàbá sì wà. Ìtìjú bò ó. Ó fa ọwọ́ náà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bàbá ní, "Dìde, ọmọ mi. Ṣé o fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ibí yìí ni kí o ti gbọ́ mi dáadáa o. Bàbá fi ẹnu ara rẹ̀ bi í. Kò sí ohun tó kù ju kó sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n padà wá láàárọ̀ ọ̀la nígbà tó bá tutù." Ọ̀rọ̀ kékeré lásán ni. Kò lè sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Háà, Bàbá! Kí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú ohun tó ti ọwọ́ yín jáde? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá rẹ́ mi jẹ ni?"

Bàbá wò ó. Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún àlejò. Wọ́n jẹun, wọ́n ṣàdúrà lé mọ́tò náà lórí, ọkùnrin wa sanwó, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó wà á lọ sílé. Ó sì sáré o! Ọmọ rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń pariwo pé, "Dádì, ẹ tún sáré! Ẹ tún sáré!" Wọ́n yí gbogbo ìlú po, àwọn èèyàn ń juwọ́ sí wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tan mọ́tò náà, ó fa jíà. Mọ́tò náà dúró díẹ̀ kó tó gbéra. Ó gbọ́ ọ. Ó ní bóyá òun kò tíì mọ̀ ọ́n wà dáadáa ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti gbóná tán, kò sí wàhálà mọ́, á máa lọ geere.

O fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí kò gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ìtìjú náà ni. Ìlú kékeré ni wọ́n ń gbé. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni bàbá arúgbó àti mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ jíà jọ ń lọ. Bó bá gbé mọ́tò débẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú á ti máa sọ pé bàbá ta mọ́tò tó ti bàjẹ́ fún ẹni tó fi ṣe ọmọ. Ó ní òun kò lè fi ìyẹn san oore fún bàbá láéláé. Bó ṣe di pé ó ń jí láàárọ̀ nìyẹn, á tan mọ́tò sílẹ̀, á lọ wẹ̀, á jẹ́ kó gbóná kó tó wọ inú rẹ̀. Ó sọ ọ́ di àṣà. Nígbà tó yá, kò tilẹ̀ rántí mọ́ pé nítorí àléébù ni òun fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Títí ọyẹ́ fi dé.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà jí, ó di àyà mú. Kò ké. Ìyá rẹ̀ ní àìké rẹ̀ gan-an ló já òun láyà, nítorí ó máa ń ké. Èémí ni kò lè mí dáadáa. Ìyá pariwo, "Gbé mọ́tò o! Ẹ gbà mí, gbé mọ́tò jáde!" Ọkùnrin náà gbé ọmọ sẹ́yìn mọ́tò, ìyá wọlé tì í. Ó tan mọ́tò, ó fa jíà.

Ẹ́ńjìnnì bú. Mọ́tò kò kúrò lójú kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ariwo ń pọ̀ sí i, táyà kò yí. Mọ́tò tó lè sáré ju gbogbo mọ́tò ìlú náà lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń hó lásán, ọmọ wà nínú rẹ̀ tó ń wá èémí. Kò sí ohun tí ọkùnrin náà lè ṣe ju kó jókòó kó dúró dè é kó gbóná. Jókòó kẹ̀, àbúrò mi! Ó jókòó, ó di ìdarí mọ́tò mú, ó ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń mí lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò náà. Ó mọ̀ pé òun ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nígbà tó gbóná, ó gbéra. Wọ́n jáde nílùú, wọ́n dé ìdajì òkè àkọ́kọ́, jíà tún já. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ padà sẹ́yìn. Ó tẹ búrẹ́ẹ̀kì, ó gbé ọmọ jáde, ó fi ẹsẹ̀ tó ń tiro dúró láàárín títì, ó ń ké sí ọkọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó pákó ló dúró fún wọn. Dírẹ́bà náà sa gbogbo ipá rẹ̀, Ọlọ́run á san án fún un, ṣùgbọ́n ẹrù wúwo, òkè sì pọ̀. Ọmọ náà kú lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó rí géètì ọsibítù.

Ó mà ṣe o. Ó mà ṣe o, Olúwa.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ọmọ tán, bàbá arúgbó wá kí wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkùnrin náà kò dìde dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó jókòó síbi tó jókòó sí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀?"

Bàbá ní, "Mo mọ̀ pé kì í fẹ́ gbéra bó bá tutù. Ọmọ mi sọ ọ́ fún mi kó tó lọ. Ó ní kí n máa tan án sílẹ̀ kó gbóná kí ẹnikẹ́ni tó wà á. Bí mo ṣe tan án lọ́jọ́ tí o wá nìyẹn."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Omi bọ́ lójú bàbá. Ó ní, "Mo rí ọwọ́ rẹ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ní o ti mọ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ìwọ lo mọ mọ́tò nílùú yìí? Mo bi ọ́ pé ṣé o fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, o ní rárá. Mo ní o ti rí i, o gbà á bẹ́ẹ̀ nítorí tèmi, o sì máa tún un ṣe. Ojú wá ń tì mí láti sọ ọ́ síta. Ò bá ti bi mí, ọmọ mi. Bí o bá bi mí ni, n kò ní parọ́ fún ọ."

Ìyàwó ọkùnrin náà tó jókòó lórí ẹní ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀." Ó gbé gèlè rẹ̀, ó fi bojú, ó wọ yàrá lọ.

Ó tó. Jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ tìrẹ, Olúdáre.

Ta ló máa ń ṣe ìwádìí fún àwọn ọmọ ẹbí wa kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ? Ìwọ ni. Nígbà tí ọmọ tèmi fẹ́ lọ, o wọkọ̀ lọ sí ìlú àwọn ọkọ láìsọ fún ẹnì kankan. O bá àwọn aládùúgbò wọn sọ̀rọ̀. O dé ibi iṣẹ́ ọmọkùnrin náà, o ń bi wọ́n bó ṣe máa ń ṣe bí inú bá ń bí i. Mo bínú sí ọ nígbà náà, mo ní o ti le jù, o fẹ́ lé ọkọ fún ọmọ mi. Lónìí, bí mo bá rí ìtọ́jú tí ọmọ mi ń rí lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ìwọ ni mò ń ṣàdúrà fún.

Ó wá kan Mojírayọ̀, o káwọ́ gbera. Ọmọ alàgbà tó rán ọ lọ sílé-ìwé ló fẹ́ fẹ́ ẹ, o wá ní alàgbà kò lè bí ọmọ tí kò dáa. O ní wọ́n á sọ pé ilé ẹni tó sọ ọ́ dèèyàn lo lọ ń tú wò. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà wo lo máa ń rí ọmọkùnrin náà? Ọjọ́ tó bá ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ni. Á wọ aṣọ tó mọ́, á dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ilé, á gbé ọsàn wá fún ìyá wa. Mo rí i, ó wù mí. Ta ló rí i rí lọ́jọ́ tí kò mọ̀ pé ẹnì kankan ń wo òun?

Èmi àti ìwọ la jọ gbọ́ ọ pé ó ti fẹ́ ìyàwó kan rí ní Ìkìrun, pé obìnrin náà padà sílé bàbá rẹ̀ láìmú aṣọ kan dání. Mo ń wo ojú rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Ó ká ọ lára. O wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò. Láti ọjọ́ náà, o ò bi obìnrin náà, o ò bi alàgbà, o ò bi ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Èmi ò sọ pé èèyàn burúkú ni o. Ó lè jẹ́ obìnrin yẹn ló ṣẹ̀ ẹ́, ó lè má sí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn. N kò mọ̀. Ìwọ náà ò mọ̀, o sì fẹ́ jókòó kí wọ́n wá mú ọjọ́ ìgbéyàwó ní Sátidé tó ń bọ̀.

Alàgbà á rò pé o ti gbọ́, pé o gbà á bẹ́ẹ̀. Ìwọ á rò pé bó bá burú ni, alàgbà ì bá ti sọ. Ẹ̀yin méjèèjì á máa bọ̀wọ̀ fún ara yín ní pálọ̀, ẹ ó jẹ, ẹ ó mu, ẹ ó gbàdúrà. Mojírayọ̀ nìkan ni wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ pẹ̀lú ohun tí ẹ kò bi ara yín.

Má sọ fún mi pé àìmoore ni ìbéèrè. Lọ bá alàgbà. Dọ̀bálẹ̀ fún un dáadáa, kí o na gbogbo ara sílẹ̀, kí o sì bi í nígbà tí o ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Bí inú bá bí i, èmi fúnra mi ni n ó lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà kí o lọ sí Ìkìrun, kí o lọ gbọ́ tẹnu obìnrin yẹn pẹ̀lú. Bí gbogbo rẹ̀ bá dáa, a ó jọ jó lọ́jọ́ ìgbéyàwó, a ó sì gbàgbé pé a bínú. Bí kò bá dáa, ọmọ rẹ ló ṣì wà lẹ́yìn ilé yẹn tó ń fọ abọ́. Ṣé o ń gbọ́ ohùn rẹ̀? Dìde, àbúrò mi, kí o lọ béèrè.